Ikọ́ ti lọ, ara kò tíì bọ̀: ìdáhùn fún ẹni tí àbúrò rẹ̀ ń lo oògùn ikọ́ ife

Lẹ́tà tí mo rí gbà nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 34, ti ń lo oògùn ikọ́ ife láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ikọ́ náà ti lọ, àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ṣe kẹ́yìn kò sì rí kòkòrò mọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣì rù hangogo. Kílò 62 ni kó tó ṣàìsàn, 47 lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, 48 lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.70. Àwọn kan nínú ilé ní oògùn yẹn ló ń jẹ ẹ́ lára, pé kó sinmi rẹ̀ díẹ̀ ká fi oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fítámì gbé e dìde. Àwọn mìíràn ní a kò gbọdọ̀ fún un ní ẹyin àti wàrà, pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń fà. A ti ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, inú yàrá ló ti ń dá jẹun. Ṣé oògùn náà kò ṣiṣẹ́ ni? Kí ni kí n máa fún un jẹ?”

Ẹ kú ìdúró ti àbúrò yín, ẹ sì kú àìsùn. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí mo sì dúpẹ́ fún jù níbẹ̀ ni pé ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀: 62, 47, 48. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ fún mi pé “ó ti ń sanra bọ̀” láìsí ẹni tó gbé aláìsàn náà sórí òṣùwọ̀n rí. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ni a ó fi ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe gbọ́ ọ yé, ohun tó ń já yín láyà ni pé ohun méjì ń ta ko ara wọn lójú yín: àyẹ̀wò ní kòkòrò ti ń kú tán, ojú yín sì ń sọ pé àbúrò yín ṣì ń ṣàìsàn. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Iṣẹ́ kan ni kí kòkòrò kú, iṣẹ́ mìíràn ni kí ara padà sípò. Oògùn ń ṣe ti àkọ́kọ́, kò sì lè ṣe ti èkejì. Oúnjẹ ló ń ṣe ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ sórí adìẹ. Ẹ má ṣe dá oògùn náà dúró, ì báà ṣe ọjọ́ kan péré, àfi tí ilé ìwòsàn bá ní kí ẹ dá a dúró. Ìtọ́jú ikọ́ ife tó ń gbọ́ oògùn sábà máa ń gba oṣù mẹ́fà. Oògùn mẹ́rin ni aláìsàn máa ń lò pọ̀ fún oṣù méjì, ìyẹn isoniazid, rifampicin, pyrazinamide àti ethambutol. Lẹ́yìn náà ló máa wá lo isoniazid àti rifampicin fún oṣù mẹ́rin. Oṣù méjì àkọ́kọ́ ló ń pa àwọn kòkòrò tó ń bí sí i lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́rin tó kù wà fún àwọn tó sá pamọ́ tí wọ́n ń tòògbé. Ẹni tó bá ṣíwọ́ nítorí pé ikọ́ ti lọ, àwọn tó sá pamọ́ yẹn ló fi sílẹ̀ kí wọ́n jí, èyí tó bá sì jí nínú wọn lè má gbọ́ oògùn mọ́. Ìtọ́jú irú ikọ́ ife bẹ́ẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ń ni ara lára jù ú lọ. Ibi tí “jẹ́ kó sinmi díẹ̀” máa ń gbé ènìyàn dé nìyẹn, mo sì ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ pé oògùn ń jẹ ẹ́ lára ti wá. Rifampicin máa ń pọ́n ìtọ̀, òógùn àti omijé pàápàá bí omi ọsàn. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ẹ̀jẹ̀ ló ń dà kúrò lára aláìsàn. Kò léwu rárá, àwọ̀ oògùn náà ni. Oògùn náà tún lè kọjú ìjà sí inú ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan àkọ́kọ́, kí oúnjẹ máa rí i lára. Ṣùgbọ́n kílò 15 tí àbúrò yín pàdánù, kó tó gbé oògùn kankan mì ló ti pàdánù rẹ̀. Ẹ tún nọ́ńbà yín wò: lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ló wà ní 47. Láti ìgbà tó ti ń lò ó, kò rù sí i.

Àìsàn náà gan-an ló jẹ ẹ́. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882 ni Robert Koch kéde ní Berlin pé òun ti rí kòkòrò tó ń fà á, ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí kòkòrò náà ni àwọn ènìyàn ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lára aláìsàn. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pè é kò ju “ajẹnirun” lọ. Ọ̀nà tó ń gbà jẹ ènìyàn pọ̀. Ibà ìrọ̀lẹ́ àti òógùn òru ń jó oúnjẹ dànù. Bí ara bá fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tó ń jó máa ń fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 lé sí i, bí ẹni náà tilẹ̀ dùbúlẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Ara tó ń jagun tún máa ń tú èròjà kan jáde fún ìjà náà, èròjà yìí kan náà ló ń pa oúnjẹ kú lẹ́nu ènìyàn, tó sì ń sọ ẹran ara di yíyọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí i lára ẹranko, cachectin ni wọ́n pè é nítorí rírù tó ń fà. Ọdún 1985 ni wọ́n tó mọ̀ pé èròjà tí àwọn mìíràn ń pè ní TNF, tó ń bá ara gbógun ti kòkòrò, òun náà ni.

Èyí tó jinlẹ̀ jù lójú mi ni ohun tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1998. Wọ́n wo bí ara ẹni tó ní ikọ́ ife ṣe ń ná purotéènì tó jẹ. Wọ́n rí i pé ó ń lọ sínú ara lóòótọ́, àmọ́ dípò kí ara fi púpọ̀ nínú rẹ̀ kọ́ ẹran, ńṣe ló ń jó o bí igi ìdáná. Bí ìgbà tí ènìyàn ń gbé pákó wá síbi ilé tó ń kọ́ ni, tí àwọn kan sì ń fi pákó náà dáná yá. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi lè máa jẹun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kó má hàn lára rẹ̀. Oògùn ló máa kọ́kọ́ pa iná yẹn. Lẹ́yìn tó bá kú ni pákó tí ẹ ń kó wá yóò tó di ilé. Àbúrò yín ti wà ní ìpele yẹn báyìí, ìyẹn ni kò fi yẹ kí oúnjẹ rẹ̀ kéré ní àkókò yìí gan-an.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ebi ń ṣínà fún ikọ́ ife, nítorí ara tí kò jẹun kánú kò ní sójà tó láti dá kòkòrò náà dúró. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àìjẹunkánú mọ́ ohun márùn-ún tó ń ti ènìyàn sínú àìsàn yìí jù, pẹ̀lú kòkòrò HIV, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá àti ọtí àmujù. Nínú ènìyàn mílíọ̀nù 10.8 tí ikọ́ ife mú lágbàáyé ní ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ló ti rù kí kòkòrò tó dé bá wọn. Mi ò mọ̀ bóyá ti àbúrò yín rí bẹ́ẹ̀. Kílò 62 tó wà tẹ́lẹ̀ dára fún gíga rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Ẹ sọ gíga rẹ̀ di púpọ̀ ní ọ̀nà gíga rẹ̀: 1.70 lọ́nà 1.70 jẹ́ 2.89. Ẹ fi 2.89 pín ìwọ̀n rẹ̀, 48, yóò fún yín ní 16.6. Àgbàlagbà tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 18.5 ti rù ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tí kò tó 16 sì wà nínú ewu ńlá. Àbúrò yín bẹ̀rẹ̀ ní 16.3, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú ewu yẹn. Kó tó dé 18.5, ó gbọ́dọ̀ tó kílò 53.5. Kílò márùn-ún àbọ̀ ló kù. Ó ṣeé ṣe kí oṣù mẹ́rin tó kù tó fún un, ṣùgbọ́n kò ní ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣé kílò kan ní oṣù méjì wá burú ni? Ó kéré. Ní ìpínlẹ̀ Jharkhand ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní RATIONS, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2023. Wọ́n fún aláìsàn ikọ́ ife 2,800 ní oúnjẹ lóṣooṣù pẹ̀lú oògùn wọn. Àwọn tí ìwọ̀n wọn fi ìdá 5 nínú 100 lé sí i nígbà tí oṣù méjì pé, ewu ikú wọn fi nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá 5 nínú 100 ti kílò 47 jẹ́ kílò méjì ó lé díẹ̀, ìyẹn ni pé ó yẹ kí àbúrò yín ti kọjá 49. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: ẹni tí àìsàn kò tíì wọ̀ lára jù ló máa ń yára sanra, nítorí náà a kò lè fi gbogbo ìyàtọ̀ yẹn sórí oúnjẹ. Síbẹ̀, mo ka ìwọ̀n sí àmì pàtàkì bí mo ṣe ka ibà sí. Tí kò bá gòkè, ó yẹ kí ẹnìkan béèrè ìdí.

Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn mìíràn pé oúnjẹ kò já mọ́ nǹkan níbi ikọ́ ife, ìwádìí tó lórúkọ sì ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ní Madras tí à ń pè ní Chennai lónìí, wọ́n fún àwọn aláìsàn kan lóògùn nínú ilé ìtọ́jú tí ibùsùn àti oúnjẹ rẹ̀ dára, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní oògùn kan náà nínú ilé wọn, níbi tí oúnjẹ ti kéré. Ìwòsàn àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Iṣẹ́ ńlá ni. Òun ló jẹ́ kí ènìyàn máa gba ìtọ́jú nílé láìsí pé wọ́n tì í mọ́ ibì kan fún ọdún gbáko. Ohun tó fi yé wa ni pé oúnjẹ kò lè rọ́pò oògùn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wádìí níbẹ̀ ni bóyá ènìyàn lè gba ìwòsàn nílé. Wọn kò wádìí bóyá ẹni tó rù dé egungun lè padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ láìjẹun tó.

Kí ló wá lè fà á tí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi gòkè? Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìwọ̀n náà jẹ́ òótọ́. Mo ti wọn ọkùnrin kan rí tó fi kílò kan àbọ̀ sanra láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, inú gbogbo wa dùn, àfi ìgbà tó ki ọwọ́ bọ àpò tó kó fóònù méjì àti ìdì kọ́kọ́rọ́ jáde, tí mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kílò kan tí àbúrò yín fi lé sí i lè jẹ́ aṣọ. Òṣùwọ̀n kan náà, àsìkò kan náà ní òwúrọ̀, aṣọ fẹ́lẹ́, láìwọ bàtà: bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ilé ìwòsàn náà nílò rẹ̀, torí ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń mọ iye oògùn tí ènìyàn máa lò. Bó bá ti sanra dé ìpele mìíràn, iye oògùn rẹ̀ lè yí padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ohun tó ń wọ ẹnu rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ohun tí ẹ bù sínú abọ́. Mo rántí bàbá kan tí ìwọ̀n rẹ̀ dúró sójú kan fún oṣù mẹ́ta. Oògùn rẹ̀ pé, àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́, kò sí àìsàn mìíràn. Mo ti bi í léèrè títí kó tó di ọjọ́ kan tí mo yí ìbéèrè náà padà: “Bàbá, lálẹ́ àná tí wọ́n gbé oúnjẹ yín wá, ta ló jókòó tì yín?” Ó wo ilẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé, ẹyin tí ìyàwó rẹ̀ ń sè fún un láràárọ̀, àwọn ló ń pín in fún. Bàbá wo ló máa jẹ ẹyin méjì níwájú ọmọ tó ń wo ẹnu rẹ̀? Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé tí n kò bá bi aláìsàn nípa ìkòkò gbogbo ilé, n kò tíì bi í nípa oúnjẹ rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ó ń jẹun tó lóòótọ́ tí kò sì gòkè, ọ̀rọ̀ di ti ilé ìwòsàn. Ẹ fọgbọ́n béèrè bóyá ó ń gbé gbogbo oògùn náà mì, láìṣe bí ọlọ́pàá. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tó mọ́ ní oṣù kejì fi wá lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀ pé kòkòrò náà ń gbọ́ oògùn, àmọ́ tí ibà tàbí òógùn òru bá ń padà bọ̀, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, pàápàá tó bá ń tọ̀ ní gbogbo ìgbà tí òǹgbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò HIV tí wọn kò bá tíì ṣe é. Kí wọ́n wo ẹnu àti ọ̀fun rẹ̀ bóyá egbò tàbí èfu funfun wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kó lè gbé oúnjẹ mì. Inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru tí kò lọ lè jẹ́ pé ikọ́ ife ti wọ ìfun. Ẹ má sì fojú fo ọkàn rẹ̀: ẹni tí ìbànújẹ́ bò mọ́lẹ̀ kì í rí oúnjẹ bí oúnjẹ. Màá padà sórí èyí.

Ní ti oògùn àti inú, rifampicin àti isoniazid máa ń wọ ara dáadáa jù tí inú bá ṣófo, nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ bá ń ru débi tí kò lè jẹ nǹkan kan títí di ọ̀sán, ó sàn kó fi oúnjẹ díẹ̀ tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ lo ó ju kó máa bì í lọ. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì rẹ̀ kí ẹ jọ yí àsìkò rẹ̀ padà. Isoniazid máa ń fa fítámì B6 kúrò lára, ẹni tó rù ló sì máa ń mú jù: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò máa ta á bí abẹ́rẹ́, tàbí kí wọ́n máa kú tipiri. Oògùn B6 ń dènà rẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fún un. Èyí tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la ni pé kí funfun ojú rẹ̀ di yẹ́lò, kí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi tíì, kó máa bì láìdáwọ́ dúró, tàbí kí inú máa dùn ún lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ké gbàjarè nìyẹn. Kó má tún lo oògùn náà, kó sì wà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyẹn nìkan ni ìgbà tí mo lè sọ fún yín pé kó dáwọ́ dúró kó tó rí dókítà. Nítorí ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ni mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ọtí kankan má kàn án lẹ́nu títí yóò fi parí ìtọ́jú.

Oúnjẹ wá kàn. Kò sí oúnjẹ kan pàtó tó ń wo ikọ́ ife, kò sì sí oúnjẹ olówó gọbọi tó jẹ́ dandan. Ohun tó ń jẹ bọ̀ ni kó máa jẹ, kó pọ̀ sí i, kí purotéènì inú rẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹni tó ní gíga tirẹ̀ nílò nǹkan bíi gíráàmù 65 sí 80 purotéènì lójúmọ́ láti tún ara kọ́. Ẹyin kan ní bíi 6. Ife wàrà kan ní 8. Ife ẹ̀wà sísè kan ní nǹkan bí 15, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ní 7. Ẹran àti ẹja ní ju ìwọ̀nyí lọ. Ẹ rí i pé kì í ṣe ohun àjèjì. Nítorí pé inú ẹni tó rù kì í gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀márùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́ dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì fi nǹkan tó lágbára kún ohun kékeré tó bá lè jẹ: ṣíbí òróró ńlá kan tí ẹ bá pò mọ́ ọn ní nǹkan bíi kálórì 120, kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó bá lè jẹ lóru, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Ẹyin àti wàrà kò fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Wàrà máa ń jẹ́ kí itọ́ ki lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀, ohun tí ènìyàn ń rò pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni nìyẹn. Àwọn méjèèjì wà lára ohun tó rọrùn jù láti fi tún ara kọ́, ẹ̀dùn ọkàn ló sì jẹ́ fún mi pé àwọn kan fẹ́ fi wọ́n dù ú. Tí wàrà bá ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún un, ẹ fi í sílẹ̀, ẹyin kò lẹ́bi. Wàràkàṣì tó ti pẹ́ nílẹ̀ àti àwọn ẹja kan lè bá isoniazid jà, kí ojú ènìyàn pọ́n, kí orí máa fọ́ ọ, kí àyà rẹ̀ sì máa lù kìkì. Tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ kan, ẹ yẹra fún oúnjẹ náà kí ẹ sì sọ ọ́ nílé ìwòsàn. Fún àwọn mìíràn tó ń ka èyí, ìkìlọ̀ kan: ẹni tó rù gan-an tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ má ṣe rọ oúnjẹ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì kí ọkàn rẹ̀ sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kó ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Àbúrò yín ti ń jẹun bọ̀, kò sí nínú àwọn yẹn.

Ní ti oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fítámì, ẹ fi owó yẹn ra ẹyin. Òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ máa ń kéré lára ọ̀pọ̀ aláìsàn ikọ́ ife, ṣùgbọ́n ogun tó wà nínú ara ló sábà ń ti irin, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, mọ́lé tí ara kò fi lè lò ó. Bí oògùn ikọ́ ife ṣe ń borí ni ẹ̀jẹ̀ máa ń padà fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rọ irin sí i láìṣe àyẹ̀wò. Wọ́n ti dán fítámì lóríṣiríṣi wò fún àwọn aláìsàn yìí. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo ìwádìí náà jọ ní ọdún 2016, wọn kò rí ẹ̀rí tó dúró pé àfikún fítámì ń mú ìwòsàn yá. Àgbo náà, mo bẹ̀bẹ̀, kó dúró títí oògùn yóò fi parí, torí ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo ló ń ru gbogbo ẹrù yẹn.

Abọ́ tó yàtọ̀ ló dùn mí jù nínú lẹ́tà yín, mo sì mọ̀ pé ẹ kò fi ṣe ibi. Afẹ́fẹ́ ni ikọ́ ife ń bá rìn, láti inú ikọ́ àti ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí kòkòrò wà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kì í gba inú abọ́, ṣíbí, aṣọ tàbí bíbọwọ́ ràn. Ẹni tó ti lo oògùn tó ń ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ kò tún kó ewu bá ẹnikẹ́ni nídìí oúnjẹ. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé, kí ẹ sì pè é jáde wá bá yín jẹun. Kò sí oògùn kan tó ń mú kí oúnjẹ wu ènìyàn jẹ tí mo tíì rí tó dà bíi kí ènìyàn gbúròó ẹlòmíràn nídìí abọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ ó lè má jẹ ju òkèlè márùn-ún lọ. Ẹ má kà á sí.

Kí ẹ sì bọ́ gbogbo ilé pẹ̀lú rẹ̀. Nínú ìwádìí Jharkhand yẹn kan náà, wọ́n tẹ̀ lé ènìyàn 10,345 tó ń bá àwọn aláìsàn gbé. Nínú ilé tí wọ́n ti fún gbogbo ìdílé lóúnjẹ, àwọn tí ikọ́ ife tún mú fi ìdá 39 nínú 100 kéré sí ti ilé tí wọ́n ti fún aláìsàn nìkan. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò fún gbogbo ẹni tó ń bá a gbé, àwọn ọmọdé ṣáájú. Mo mọ̀ pé owó ni gbogbo èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdajì àwọn ìdílé tí àìsàn yìí wọ̀ ló ń ná ju ìdá kan nínú márùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún sí i, ní àkókò tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an dùbúlẹ̀. Ètò ìtọ́jú ikọ́ ife níbi púpọ̀ ní ìrànwọ́ oúnjẹ tàbí owó tí wọn kì í kéde. Ẹ béèrè lẹ́nu wọn ní tààrà. Tí kò bá sí, mi ò ní purọ́ fún yín pé ìmọ̀ràn mi lè rọ́pò rẹ̀.

Ohun mìíràn tí mi ò lè ṣèlérí ni 62 yẹn. Àwọn kan máa ń padà síbẹ̀, àwọn kan kì í dé bẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, bí àìsàn náà bá sì ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró púpọ̀, ẹni náà lè máa tètè mí hẹlẹ lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán. Púpọ̀ nínú ohun tó kọ́kọ́ ń padà sí ara ní oṣù mẹ́fà yìí jẹ́ ọ̀rá, ẹran ara máa ń pẹ́ lẹ́yìn. Nítorí náà, bí ibà bá ti lọ tí ó sì ní okun díẹ̀, kó máa rìn, kó máa dìde kúrò lórí àga kó tún jókòó nígbà mẹ́wàá ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Lílò tí ó ń lo ẹsẹ̀ náà ló ń jẹ́ kí purotéènì mọ ibi tí yóò lọ.

Nígbà tí ẹ bá tún lọ sílé ìwòsàn, ẹ mú ìwé kan dání tí ẹ kọ ohun gbogbo tó jẹ ní ọjọ́ mẹ́ta sí, títí kan èyí tó kù sínú abọ́, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ béèrè nípa ṣúgà, HIV, B6 àti ìrànwọ́ oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ nọ́ńbà kẹrin ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú bàtà rẹ̀ nílẹ̀.